Ọmọ Ọlọ Tí A Fi Ránṣẹ́ sí Ìyá Ọkọ Rẹ

Ṣábẹ̀ẹ́, ọjọ́ kejì ọjà

Àjọkẹ́ mi, ọmọ tí mo kẹ́ tí mo tún gẹ̀,

Ìdí, awakọ̀ kámíọ́n tó ń kó iṣu wa lọ sí Èkó, ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Wàá gba àpò ẹ̀pà kan lọ́wọ́ rẹ̀, a ti yan án, a ti bó o. Wàá gba garawa wàrà gbígbẹ tí ìyá rẹ rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní ọ̀nà Boni, àti ìgò oyin kan. Wàá tún gba ohun kan tó wúwo tí a fi aṣọ mímọ́ dì. Má tú aṣọ yẹn o. Ka ìwé yìí dé ìparí ná. Mo mọ̀ ẹ́, láti kékeré ni ọwọ́ rẹ ti máa ń ṣáájú ojú rẹ.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ìwé kí bàbá mi tó yọ mí lọ sóko, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá ẹ̀kọ́ àwọn àgbà sílẹ̀ ní èdè wa, ta ló kọ́kọ́ mọ̀wé kọ nínú gbogbo onírùngbọ̀n tó jókòó níbẹ̀? Èmi Wọ̀rú ni. Mẹ́tírì tó ń kọ́ wa sọ pé, "Kámárádì Wọ̀rú, sitílò ìkọ̀wé yín ń sáré ju orí yín lọ." Mo ní, "Mẹ́tírì, orí mi ló ń lé e." Ìyá rẹ jókòó tì mí níbí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní kí n yé yangàn sínú ìwé, kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tan iná tí ojú kì í rí sí ìyá ọkọ rẹ lọ́fun nítorí jẹjẹrẹ tó wà níbẹ̀. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Básírù ọkọ rẹ ò lè fi àwọn ọmọ ilé ìwé sílẹ̀, ìwọ ìyàwó tuntun tí kò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ ni wọ́n ní kó tẹ̀ lé ìyá lọ. Ìyẹn ò burú. Ẹni tí wọ́n bá fọkàn tán ni wọ́n ń gbé ẹyin fún. Ṣùgbọ́n ẹyin ni o, Àjọkẹ́. Bó bá fọ́, ọwọ́ ẹni tó gbé e ni gbogbo ayé máa wò.

O wá kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀ pé: "Bàbá, ẹ bá mi dúpẹ́. Ìyá máa ń ní kí n gbé oúnjẹ kalẹ̀ kí n máa lọ. Bí mo bá fi padà dé, abọ́ ti mọ́ tónítóní. Ìwọ̀n wọn ò sì yẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dé. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ ni pé òrùka wọn bọ́ sínú omi ìwẹ̀, a wá a títí kí a tó rí i."

Nígbà tí mo ka ibi òrùka yẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀. Mo tún un kà sí ìyá rẹ létí. Ó wá ní, "Bàbá Àjọkẹ́, ẹ kọ̀wé sí i lónìí. Ẹ má dúró dọ̀la."

Ara tí kò fọn, òrùka kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òrùka bá ń bọ́ tí ìwọ̀n ò yẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́. Òrùka kì í sì í purọ́.

Nípa ìwọ̀n, ọmọ mi, kò sẹ́ni tí wọ́n lè rán ọ sí tó jù mí lọ. O ti gbọ́ ìtàn òkúta Boni títí ó fi sú ọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ náà gbọ́ ọ. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo gbé òwú mi lọ sí ọjà òwú ní Boni. Mo ti ki òkúta méjì sí àárín àpò, mo tún wọ́n omi sí òwú kó lè wúwo. Mo rò pé èmi nìkan ni mo gbọ́n láyé. Ẹni tó ń wọn òwú jẹ́ baba arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Kò tilẹ̀ wo ìwọ̀n. Ó kàn ti apá bọ àpò dé èjìká, ó fa òkúta jáde, ó ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, òwú tìrẹ mà ti ní kóró o." Ó ní kí n gbé e rù. Mo gbé òkúta méjèèjì rù yí ọjà ká, àwọn ọmọge tó wá ná ọjà láti Bẹ̀sẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n wo ọgbọ́n orí mi. Nígbà tí ọjà tú, mo padà lọ bá baba yẹn. Mo ní, "Baba, gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà purọ́ fún ìwọ̀n ni mo mọ̀. Ẹ gbà mí síṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú tó ríran. Bí mo ṣe di ẹni tó ń dúró ti ìwọ̀n nìyẹn, láti Boni dé Sakin. Bí mo ṣe ra kámíọ́n nìyẹn, bí mo ṣe kọ́ ilé mẹ́ta tí páànù wọn ń dán ní ẹsẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́ nìyẹn. Kò sí àgbẹ̀ kankan ní gbogbo ìlú yìí tó lè fi ìwọ̀n tàn mí jẹ.

Àgbẹ̀ ni mo wí o. Mi ò wí ìyàwó.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo gbé ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ẹ wà yẹn, nítorí kókó ọ̀fun bíi ti ìyá ọkọ rẹ. Ìwọ wà ní Pọ́bẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán nígbà náà. A sọ fún ọ pé ara rẹ̀ ti yá, a ò sọ bó ṣe yá. Lónìí ni màá sọ ọ́. Àṣìṣe mi ni màá kà fún ọ, kó o lè fi owó tí mo ti san ra ọgbọ́n.

Èkíní. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kó o fi ebi pa àìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Sakin ló kó mi sí wàhálà. Kí a tó gbéra, ó fà mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Wọ̀rú, ohun tó wà lọ́fun yẹn ló ń kọ́kọ́ jẹun kí ìyàwó rẹ tó jẹ. Bó o bá ń fún un lẹ́yin, tó ò ń fún un lẹ́ran, ọ̀tá lò ń bọ́ o." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lórí. Mo ní ṣebí bí a bá fẹ́ kí eku kú, a ó palẹ̀ oúnjẹ mọ́. Bí a ṣe dé Èkó, ògì tó ṣàn bí omi ni mo ń fún ìyá rẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kò sí ṣúgà, kò sí wàrà. Mo sì ń yin ara mi.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ, oúnjẹ aláìsàn nìkan ni. Kúkúrú báyìí, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó pè mí, ó ní, "Bàbá, kí ni ìyàwó yín jẹ lánàá?"

Mo ní, "Ògì."

"Ògì àti kí ni?"

"Ògì àti omi."

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀yin jẹ?"

Mo ní, "Iyán."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Ẹran ìgbẹ́."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Bàbá, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta gan-an ni wọ́n ń tan iná sí lára?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀tá tí a ò fẹ́ bọ́ fún un. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ ti kọ́lé rí?" Mo ní mo ti kọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Omi nìkan lẹ fi mọ ògiri rẹ̀?" Mo ní rárá, amọ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa. Iná yìí ń pa kókó, ṣùgbọ́n ó ń ta ẹran ara rere tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ara rere yẹn ń tún ara rẹ̀ mọ. Ẹyin, ẹja, wàrà, ẹ̀wà, ẹ̀pà, amọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fi ebi pa á, kókó yẹn kọ́ ló máa kọ́kọ́ kú."

Àjọkẹ́, oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Èmi ni mo fẹ́ gbọ́n ju àwọn àgbà lọ.

Èkejì ni ata. Inú bí mi pé mo ti jẹ̀bi, mo bá ní kí n fi ọbẹ̀ tún un ṣe. O mọ̀ mí, kí n tó ní ìyàwó, èmi ni mo ń se ọbẹ̀ fún gbogbo àwọn tí a jọ ń wọn òwú, ọbẹ̀ mi ń pe èèyàn láti ìta. Mo lọ ata, mo fi tòmátì tó kan sí i, mo fi iyọ̀ sí i dáadáa. Ìyá rẹ fi ṣíbí kan kan ẹnu, omijé bọ́. Mo rò pé ayọ̀ ni! Àfi ìgbà tó na ìka sí ẹnu rẹ̀ tí mo wò ó, inú ẹnu pọ́n bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

Ohun tí obìnrin olóúnjẹ yẹn kọ́ mi lẹ́yìn ìyẹn ni màá kọ́ ọ báyìí. Má fi ata sí i, má fi ọsàn sí i, má fi ohunkóhun tó kan sí i títí ẹnu á fi jinná. Má gbé e fún un ní gbígbóná, jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí kó tutù. Gbogbo ohun tó le, gún un, lọ̀ ọ́ tàbí sẹ́ ẹ. Lọ ẹ̀pà yẹn kúnná, pò ó mọ́ ògì, fi wàrà tó o ti rẹ tó o ti tẹ̀ fọ́ sí i, fi oyin sí i. Ife kan ìyẹn ju abọ́ iyán lọ. Ẹ̀wà tó o ti bó èèpo rẹ̀, sè é di ẹ̀rọ̀, da òróró sí i. Ẹyin, po omi díẹ̀ mọ́ ọn kó o tó sè é, kó má gan. Ilá máa ń ran oúnjẹ lọ́wọ́ láti yọ̀ wọlé bí itọ́ bá ti gbẹ. Bí kò bá lè jẹ abọ́ kan, fún un ní ìdá mẹ́rin abọ́, kó o tún fún un nígbà mẹ́fà lójúmọ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àárọ̀ ni ara máa ń gba oúnjẹ jù, àárọ̀ ni kó o ti fún un ní èyí tó nípọn.

Kó máa fi omi oníyọ̀ díẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan ẹnu kó tó jẹun àti lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Àgbo kíkorò, má fún un láìbèèrè lọ́wọ́ dókítà, ẹni yòówù kó gbé e wá. Òrí náà, mo mọ̀ pé àwa ará Ṣábẹ̀ẹ́ rò pé kò sí ohun tí òrí ò lè wò. Mo fi pa ìyá rẹ lọ́rùn láàárọ̀ ọjọ́ kan kí a tó lọ síbi iná, mo fi aṣọ nù ún, mo nu àmì tí wọ́n fi yíǹkì fà síbẹ̀ kúrò, àmì tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tó máa tan iná sí. Ariwo tí wọ́n pa lé mi lórí lọ́jọ́ yẹn, Kútọnu gbọ́. Béèrè kó o tó fi pa á.

Bó bá ní gbogbo nǹkan ń ta bí irin lẹ́nu, má bá a jiyàn. Iná ló ń bẹ ahọ́n wò. Gbé ṣíbí irin jù síbẹ̀, wá ìpawọ́, ṣíbí tí a fi igi gbẹ́. Èmi ni mo gbẹ́ ìpawọ́ tí ìyá rẹ fi jẹun, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ìdáná wa títí dòní. Ìyá rẹ ní kì í ṣe èmi ni mo gbẹ́ ẹ, pé mo rà á ni. Ó dáa. Mo rà á, ṣùgbọ́n èmi ni mo yàn án.

Èkẹta, tàbí èkẹrin ni, ṣé o ń kà á? Ibí ni ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́yìn tí mo mọ oúnjẹ í sè tán, kò sí ọkùnrin tó ń se oúnjẹ aláìsàn bíi tèmi ní gbogbo àgbègbè yẹn. Mo ń sè é, mo ń gbé e kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ ní iyàrá tí a háyà, mo ń jáde. O mọ àṣà wa. Ọkùnrin gidi kì í jókòó wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu bó bá ń jẹun, kò sì ní bá a tọwọ́ bọ abọ́ kan. Èmi á lọ jókòó sábẹ́ igi lọ́dọ̀ onílé, èmi á máa sọ fún un bí mo ṣe di èèyàn. Bí mo bá padà wọlé, abọ́ ti mọ́. Èmi á ní, "Ṣé o rí i? Ọwọ́ mi ni." Ìyá rẹ á mi orí.

Onílé yẹn ń sin adìyẹ. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ yín mà dára o. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé ni àwọn adìyẹ mi ti ń sanra." Mo gbà á. Mo ní orí mi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí mo bá dé. Ó pa adìyẹ kan fún mi, mo jẹ ẹ́, mo gbádùn rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wọn ìyá rẹ. Ìwọ̀n ò yẹ̀. Mo ń dúró síbẹ̀, mo ń di ọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá. Ohun kan ṣoṣo tó ń yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ọjọ́ Ajé yẹn náà ni mi ò kì í rí ọmọ ọlọ tí a gbé wá láti ilé. Mo fẹ́ lọ ẹ̀pà, ìyá ọlọ wà nílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ò sí. Bó bá di ọ̀sán, mo tún rí i níbi tó máa ń wà. Èmi tí mo ń fi apá wá òkúta nínú òwú olówùú!

Ní ọjọ́ Ajé kẹrin, ìyá rẹ gun ìwọ̀n, nọ́ọ̀sì ń wo abẹ́rẹ́ ìwọ̀n náà, mo gbọ́ gbì! Ọmọ ọlọ jábọ́ láti abẹ́ ìró, ó yí lórí símẹ́ǹtì, ó lọ dúró síbi bàtà dókítà. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, kí lẹ bí sílẹ̀ yìí?" Gbogbo àwọn tó ń dúró bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ti sá padà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó di ìró rẹ̀ mú, ó ń wo ilẹ̀, mo sì rí eegun èjìká rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Àjọkẹ́. Mo wà níbẹ̀, mi ò rí i.

Dókítà yẹn jẹ́ ọmọlúàbí, ó lé àwọn èèyàn jáde. Ó ní, "Ìyá, ìwọ̀n yìí kì í ṣe láti fi fìyà jẹ yín. Ara tí a wọ̀n lọ́jọ́ kìíní ni a fi gé iná yìí, bí ìgbà tí télọ̀ gé aṣọ. Bí ara bá joro tí a ò mọ̀, iná á máa bọ́ síbi tí kò yẹ, á fi ibi tó yẹ sílẹ̀. A ó fi iná jó yín lásán." Ó ní kí wọ́n dá iná dúró ná, pé bí a bá fi ọjọ́ méje bọ́ ọ tí ara rẹ̀ gbé e, wọn á tún un wọ̀n, wọn á bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbé e, kò mọ ohun tó máa sọ.

Nígbà tí a dé iyàrá, mo fẹ́ bínú. Mo ní, "Ta ló kọ́ ọ ní irú èyí?"

Ó ní, "Ta ni ì bá kọ́ mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ ìtàn òkúta Boni fún gbogbo àlejò, ṣé ẹ rò pé mi ò létí ni?"

Mo ní, "Oúnjẹ ńkọ́? Gbogbo oúnjẹ tí mo sè?"

Ó ní, "Àwọn adìyẹ onílé dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ìgbà náà ni mo jókòó sílẹ̀. Èmi ni mo ti jẹ wàrà mi padà lára adìyẹ yẹn. Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ẹ ti sọ fún gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ pé ẹ ó gbé mi wálé ní àlàáfíà. Bí ìwọ̀n bá dín, wọn á dá iná dúró, ẹ̀rù bà mí pé wọn á ní kí a máa lọ. Oúnjẹ sì ń ta mí lọ́fun bí ẹ̀gún. Bí mo bá gbé e mì, ìdajì á padà, itọ́ á máa já. Ẹ kì í jókòó. Ẹ̀ ń gbé e kalẹ̀ bí ẹni san owó orí, ẹ̀ ń lọ. Mo ní bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo máa jà á, kí n jà á bí mo ṣe lè jà á."

Àjọkẹ́, mo ti gbé òkúta rù rí lójú àwọn ọmọge Bẹ̀sẹ̀. Kò wúwo tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo po ògì, mo fi ẹ̀pà àti wàrà sí i, mo wá ìpawọ́ méjì. Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní níwájú rẹ̀. Mo mu tèmi, mo fi abọ́ kan náà lé e lọ́wọ́. Ògì yẹn ò ní iyọ̀, kò ní nǹkankan, ó rí bí ẹni ń jẹ òwú. Ó mu ṣíbí kan. Itọ́ já. Mo wo ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń sọ̀rọ̀ nípa iṣu. Mo mu tèmi, ó mu tirẹ̀. Ó pẹ́ púpọ̀ kí a tó jẹ ìdajì abọ́, ṣùgbọ́n adìyẹ kankan ò rí nǹkan jẹ lọ́jọ́ yẹn. Bí a ṣe ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó tú ìdí ìró rẹ̀ hàn mí kó tó gun ìwọ̀n. Abẹ́rẹ́ ti gbéra díẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iná padà, ó gbà á tán. Èmi ni mo sanra jù nínú wa, nítorí mo ń jẹ oúnjẹ aláìsàn mọ́ tèmi.

Títí dòní abọ́ kan ni a fi ń jẹun. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Wọ̀rú ti di ẹni tó ń bá obìnrin du ẹran. Mo ní òótọ́ ni, òun ló sì máa ń borí. Ó ń bẹ níbí, ọrùn rẹ̀ dúdú díẹ̀ níbi tí iná ti bà á, ó ń bá mi jà lórí ìpawọ́. Kí ni mo tún ń wá?

Ó dáa. Gbọ́ ohun tó o máa ṣe, má dúró kọjá ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Má tú ìró àgbà. Má wá abẹ́ ẹní rẹ̀, má ṣọ́ ọ, má sì sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì níwájú èèyàn. Obìnrin tó ti bọ́ odindi agbo ilé kan fún ogójì ọdún ni. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tuntun ni ìwọ, ìwọ ni kò fẹ́ kó rí i bí itọ́ ṣe ń já lẹ́nu òun. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ. Ọ̀wọ̀ tó fẹ́ kó kù fún òun lójú rẹ ló ń fi ebi ra.

Nítorí náà, gbé abọ́ kan, ṣíbí igi méjì. Má kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀ kó o sì dìde. Jókòó. Sọ pé bàbá rẹ ló ní kó o jẹ ẹ́. Jẹ oúnjẹ aláìláta yẹn bó ṣe wà. Má wò ó lẹ́nu, má kí i pé ó kú iṣẹ́ bí ẹni ń kí ọmọdé. Sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bó bá pọ̀ ọ́ sílẹ̀, nù ún, kó o máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Bó bá ti jẹ díẹ̀, tó ti rọ̀ ọ́ lọ́kàn, ka ìtàn òkúta Boni, ti ìyá rẹ àti ibi tó kù nínú ìwé yìí sí i létí, kó o tú aṣọ yẹn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ bá dókítà kó tó di pé wọ́n gbé ìwọ̀n wá, kí ẹ sọ òótọ́. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tiwa ò ní ogún ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ní.

Kí Ọlọ́run tó mú tiwa padà wálé fi ọ̀nà tirẹ náà hàn ọ́. Ilé ọkọ rẹ kò ní lé ọ, ìyá ọkọ rẹ yóò gbé ọmọ rẹ pọ̀n. Àmín. Ìyá rẹ ní kó o máa sùn, pé ojú rẹ hàn nínú bó o ṣe kọ̀wé.

Ó kù sí Ìyá.

Ìyá Básírù, èmi Wọ̀rú àna yín dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bínú sí ọmọ yìí, kò mọ nǹkankan, òrùka yín ló sọ fún mi. Mo mọ̀ pé àna kì í jẹun lójú àna, ṣùgbọ́n mo ti jẹ àṣírí ara mi níwájú yín nínú ìwé yìí, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ohun tó wà nínú aṣọ yẹn ni ọmọ ọlọ tí ìyàwó mi so mọ́ ìdí. Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, òun ló dì í. Ó ní kí n sọ fún yín pé ọjọ́ tí òkúta yìí kúrò lára òun ni òun tó lè gbé ṣíbí. Ó ní èyí tó wà lọ́dọ̀ yín, ohun yòówù kó jẹ́, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí Àjọkẹ́ fi èyí lọ ẹ̀pà fún yín.

Ìyá ọlọ wà níhìn-ín nínú ìdáná wa, a ò ní ra ọmọ mìíràn fún un. Bí iná bá parí, ẹ má fi ọmọ ọlọ yìí rán Ìdí, ẹ má fi rán Básírù. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ yín gbé e wọlé wá bá wa ní Ṣábẹ̀ẹ́. A ó gbé abọ́ kalẹ̀, ṣíbí mẹ́rin.

Èmi ni,
Wọ̀rú, bàbá Àjọkẹ́